Ọgbà Àdúgbò Tó Ń Kọ́ni Níṣẹ́: Bí A Ṣe Lè Dá A Sílẹ̀ Láàárín Ìlú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ dá ọgbà sílẹ̀ láàárín ìlú, kí àwọn ará àdúgbò lè kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Wọ́n á rí àlàfo ilẹ̀ kan tí pàǹtírí ti gbà kan, wọ́n á pe ara wọn jọ, wọ́n á ro ó, wọ́n á gbin nǹkan sí i, ìgbà tí ewébẹ̀ bá sì ti hù tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè irú iṣẹ́ tí àwọn tí wọ́n ń kọ́ lè rí ṣe. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó ṣáájú ni wọ́n fi sẹ́yìn yẹn. Ọgbà kékeré kì í lè gba ènìyàn púpọ̀ síṣẹ́, nítorí pé owó ewébẹ̀ tó ti inú ilẹ̀ tí kò tó ìdajì ékà jáde kò lè san owó oṣù ènìyàn mẹ́wàá, bó ti wù kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ iṣẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ọgbà kan náà lè kọ́ ènìyàn mẹ́wàá ní iṣẹ́ tí wọn yóò máa fi jẹun níbòmíràn nínú ìlú náà, bí a bá ti ìbẹ̀rẹ̀ gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́. Bí a ṣe lè gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò gbà wọ́n síṣẹ́

Kí ẹ tó ra ọkọ́ kan ṣoṣo, ẹ lo nǹkan bí oṣù méjì láti fi bá àwọn agbanisíṣẹ́ inú ìlú yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àyíká pọ̀ ju iṣẹ́ oko lọ. Àwọn kan wà tó ń gé ẹ̀ka igi ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọgbà ìtura. Àwọn kan ń sọ ewé gbígbẹ àti àjẹkù oúnjẹ di ajílẹ̀. Àwọn kan ń gbin nǹkan sórí òrùlé ilé ńláńlá kí ooru inú ilé lè dínkù. Àwọn kan sì ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n gbin koríko àti igi kéékèèké sí, kí omi òjò lè rọra rì wọlẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ó di àgbàrá. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: kí ni ẹni tuntun gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dé, kí ló mú kí ẹni tí wọ́n gbà kẹ́yìn má pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti oṣù wo nínú ọdún ni wọ́n máa ń wá òṣìṣẹ́. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ óò rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò jẹ mọ́ mímọ orúkọ ewéko. Púpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ mọ́ títètè dé ibi iṣẹ́, lílo ẹ̀rọ láìṣe ara ẹni léṣe, wíwọn ilẹ̀, kíka àwòrán iṣẹ́, àti níní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ìdáhùn wọ̀nyẹn ni ẹ óò fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ yín.

Àpẹẹrẹ kan tó yẹ kí a wò ni ti South Bronx ní ìlú New York. Majora Carter dá àjọ Sustainable South Bronx sílẹ̀ ní ọdún 2001, nígbà tó sì di ọdún 2003, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń kọ́ àwọn ará àdúgbò ní iṣẹ́ àyíká, tó sì ń bá wọn wá iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Àdúgbò náà ní odò tí ìdọ̀tí ti bà jẹ́, èéfín ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, igi kò sì tó níbẹ̀. Nítorí náà, títún etí odò ṣe àti gbígbin nǹkan sórí òrùlé wà lára ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn. Ohun tí àdúgbò ń jìyà rẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ di iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ náà fi ní ibi tó ń lọ.

Bí ẹ kò bá tíì rí agbanisíṣẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán, tí yóò fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò pe àwọn ọmọṣẹ́ yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ má tíì kó ẹnikẹ́ni jọ. Ẹni tó fi oṣù mẹ́rin kọ́ṣẹ́ tí kò sì rí ibì kankan lọ lẹ́yìn rẹ̀ ti pàdánù ju àkókò lọ, kò sì ní rọrùn fún un láti tún gba ìlérí mìíràn gbọ́.

Ilẹ̀ àti ìwé rẹ̀

Kò sí ilẹ̀ tí kò ní olówó nínú ìlú, bó ti wù kí ó pẹ́ tó tí ẹnikẹ́ni kò ti yọjú síbẹ̀. Ní Los Angeles, nǹkan bí ìdílé 350 ló ń dáko lórí ilẹ̀ ékà 14 kan tí wọ́n ń pè ní South Central Farm. Ìjọba ìlú ta ilẹ̀ náà padà fún ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní ọdún 2003, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 2006, wọ́n fi agbára òfin lé àwọn àgbẹ̀ náà kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí pé iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú ilẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, ẹ gba ìwé àdéhùn tí kò dín ní ọdún 5, nítorí pé ilẹ̀ tó ti kú kì í jí lọ́dún kan. Kí ìwé náà sọ iye oṣù tí onílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ kí ó tó gba ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ lè kórè ohun tó wà nílẹ̀. Kí ó sọ ẹni tí yóò máa san owó omi, ẹni tó ni ilé irinṣẹ́ àti pákó tí ẹ bá gbé síbẹ̀, àti ẹni tí ọ̀ràn yóò já lé lórí bí ẹnìkan bá farapa. Bí onílẹ̀ kò bá lè fún yín ju ọdún kan tàbí méjì lọ, ẹ gbin nǹkan sínú àpótí, ike àti àpò tó ṣeé gbé kúrò, ẹ má sì ná owó kankan sínú ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé omi wà nítòsí, kí ẹ sì lọ wo ilẹ̀ náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ láti mọ ibi tí òjìji ilé ń bọ́ sí. Tòmátì, ata àti ohun mìíràn tó ń so èso nílò oòrùn tó tó wákàtí 6 lójúmọ́. Ewébẹ̀ ẹlẹ́wé lè fara da èyí tó dín díẹ̀.

Ní ti òrùlé, ẹ má gbé erùpẹ̀ kankan lọ sókè kí onímọ̀ ẹ̀rọ ilé tó yẹ ilé náà wò. Erùpẹ̀ lásán tó ti mu omi, tí kò sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, lè wúwo ju kílò 150 lọ lórí gbogbo ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó.

Ẹ yẹ ilẹ̀ náà wò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé àṣìṣe tó bá wáyé níbí lè ba ìlera ọmọdé jẹ́. Ewu tó wọ́pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ìlú ni òjé. Ó wà nínú ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n fi kun ilé, ó sì wà nínú epo bẹntiróòlù tí ọkọ̀ fi rìn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ọdún 2021 ni Àlgéríà, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn lágbàáyé, ṣẹ̀ṣẹ̀ dá títa epo olójé fún ọkọ̀ dúró. Òjé kì í jẹrà, òjò kì í sì í tètè wẹ̀ ẹ́ lọ. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn lè ṣì wà ní òkè ilẹ̀ títí di òní, pàápàá ní ìdí ògiri ilé àtijọ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ọkọ̀ ti ń gbà kọjá tipẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìtàn ilẹ̀ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, kí ẹ sì wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, láti mọ̀ bóyá ilé epo, ilé mẹkáníìkì tàbí ibi títún bátìrì ṣe wà níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àyẹ̀wò. Ẹ pín ilẹ̀ náà sí apá apá, kí ìdí ògiri àti ẹ̀gbẹ́ títì dá dúró. Nínú apá kọ̀ọ̀kan, ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi 10 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láti ojú ilẹ̀ títí dé sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú ike tó mọ́, kí ẹ sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àpò tí ẹ kọ orúkọ apá náà sí, láti fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Àwọn ọmọṣẹ́ ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn tí ẹ bá kọ́kọ́ gbà, lè ṣe iṣẹ́ yìí lábẹ́ ojú olùkọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, nítorí pé mímú àyẹ̀wò ilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn kan ń gbowó oṣù lé lórí.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tó fi ń ṣe ìkìlọ̀. Ní Amẹ́ríkà, EPA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò àyíká, dín ìwọ̀n òjé tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ àgbàlá ilé wò kù láti ìdá 400 nínú mílíọ̀nù kan sí 200 ní oṣù kìíní ọdún 2024. Kì í ṣe ilẹ̀ ló yí padà. Ìmọ̀ nípa ìpalára tí òjé díẹ̀ ń ṣe fún ọpọlọ ọmọdé ló pọ̀ sí i. Ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n tí ó le jù tí ẹ bá rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ewébẹ̀ ni òjé ti ń wọ ara. Èyí tó pọ̀ jù ń gba inú eruku àti ọwọ́ tí a kò fọ̀ wọlé. Èso bíi tòmátì kì í fa òjé púpọ̀. Ohun tó ń ta sínú ilẹ̀ bíi kárọ́ọ̀tì àti ewé tó sún mọ́lẹ̀ ló yẹ kí a ṣọ́ra fún, nítorí pé erùpẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ wọn. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ilẹ̀ náà kò mọ́ tó, ẹ bo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ pẹ̀lú èérún igi kí eruku má baà gbéra, ẹ gbé ibi ìfọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì gbin nǹkan sínú ebè onípákó tí ẹ rọ erùpẹ̀ tuntun kún. Bí ìwọ̀n náà bá ga gan-an, ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ kí ẹ wá òmíràn.

Àwọn ará Havana ní Kúbà fi irú ebè bẹ́ẹ̀ bọ́ ara wọn. Lẹ́yìn tí Soviet Union túká ní ọdún 1991, tí epo àti ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí wọ́n ń rí gbà láti ibẹ̀ kò wọlé mọ́, wọ́n to ebè olódi sórí àlàfo ilẹ̀ àti orí kọnkéré, wọ́n sì ń fi ajílẹ̀ tí wọ́n fúnra wọn ṣe kún un. Orúkọ tí wọ́n pe ọgbà bẹ́ẹ̀ ni organopónico.

Ebè tó rọrùn láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kì í fẹ̀ ju mítà 1.2 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gùn ní mítà 2.4, tí ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, erùpẹ̀ tí yóò gbà jẹ́ nǹkan bí lítà 864. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra wọn, kí wọ́n sì pe ẹni tó ń ta erùpẹ̀ láti béèrè iye rẹ̀; ìṣirò kan náà ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò ní kí wọ́n ṣe lọ́la. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ láàárín ebè kan àti èkejì kí bárò lè kọjá, kí ọ̀nà kan, ó kéré tán, sì fẹ̀ tó fún kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹ má lo pákó tí a kùn ní ọ̀dà àtijọ́, tàbí igi ojú irin tí wọ́n ti fi epo dúdú rì, tàbí pákó àtijọ́ tí wọ́n fi oògùn olóró tọ́jú kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Ajílẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́

Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ ọmọṣẹ́, ajílẹ̀ tí a ń fi ewé àti àjẹkù ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńpọ́ọ̀sì, ni mo máa ń sọ. Ó ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù, ìwọ̀n, ìmọ́tótó àti àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì dúró de àsìkò òjò.

Ẹ to òkìtì tó ga ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1 níbùú àti lóròó. Èyí tó kéré sí i kì í lè di ooru mú. Ẹ fi ohun gbígbẹ bí ewé tó ti wọ́, èérún igi àti páálí tí kò ní ọ̀rá ṣe ìpín 2 tàbí 3, kí ohun tútù bí èèpo èso àti koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé jẹ́ ìpín 1. Ẹ bomi rin ín títí tí yóò fi dà bí aṣọ tí a fún tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú rẹ̀ yóò gbóná. Ohun tí ẹ ń wá ni kí ó wà láàárín 55°C sí 65°C fún ọjọ́ 3 léraléra, ó kéré tán, kí kòkòrò àrùn àti èso igbó lè kú, kí ẹ sì yí i kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè bọ́ sí àárín, kí ó tún gbóná bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ọmọṣẹ́ kan máa fi òṣùwọ̀n ooru wò ó lójoojúmọ́, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá ń rùn, afẹ́fẹ́ ni kò rí, tàbí ohun tútù pọ̀ jù nínú rẹ̀: ẹ yí i, kí ẹ sì fi ohun gbígbẹ kún un. Bí kò bá gbóná, ó lè jẹ́ pé ó gbẹ jù. Ẹran, egungun àti ọ̀rá kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí eku.

Nígbà tí ooru rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹ tó dà á sínú ebè, ẹ gbin ẹ̀wà díẹ̀ sínú rẹ̀ láti dán an wò. Oògùn apakoríko kan wà tó máa ń farapamọ́ sínú koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹran, tí ooru òkìtì kì í pa. Bí ewé ẹ̀wà náà bá ká jọ, tí ó sì lọ́, ẹ má lo ajílẹ̀ náà fún ewébẹ̀.

Omi

Ebè nílò omi tó tó nǹkan bí lítà 25 lọ́sẹ̀ kan fún gbogbo ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó, nítorí náà ebè tí a ṣàlàyé lókè yẹn yóò mu lítà 72. Òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 5 níbùú àti mítà 10 lóròó lè fa lítà 500 sílẹ̀ bí òjò tó rọ̀ bá tó mìlímítà 10. Bí a bá yọ èyí tó ṣòfò, a ó rí nǹkan bí 400. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ tó fọ òrùlé náà ṣàn lọ, ẹ da ìyókù sínú àgbá tó ní ìdérí àti àwọ̀n kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa bomi rin ìdí ohun ọ̀gbìn láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ebè, omi náà yóò sì pẹ́ níbẹ̀.

Nípa ohun tí ẹ óò gbìn, n kò ní sọ púpọ̀: ẹ yan ohun tí àwọn ará àdúgbò ń jẹ, tí ó sì ń tètè dàgbà, kí àwọn ọmọṣẹ́ lè rí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ wọn tó parí.

Ìkọ́ṣẹ́ gan-an

Ènìyàn 8 sí 12 tó fún ìpele kan. Olùkọ́ kan kò lè mójú tó ju 6 lọ bí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ fún ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, kí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé yín, kì í ṣe nínú ọgbà. Ní òpin rẹ̀, ẹ dán wọn wò nípa iṣẹ́: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kan ebè, kí ó gé ẹ̀ka igi bó ṣe yẹ, kí ó to òkìtì ajílẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lójú agbanisíṣẹ́ kan.

Ẹ san owó fún wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń fa àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá iṣẹ́ lójú méjèèjì kò lè fi oṣù mẹ́rin ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí ilé wọn rí owó ni yóò kù, wọn kì í sì í ṣe àwọn tí a torí wọn dá ètò náà sílẹ̀. Ẹ wá owó náà lọ́dọ̀ ìjọba, àjọ aláàánú tàbí àwọn agbanisíṣẹ́ fúnra wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì gbé e lé owó ewébẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú nípa owó ọkọ̀ àti ẹni tí yóò bá wọn mójú tó ọmọ. Ohun méjì yìí ló sábà máa ń lé àwọn ìyá ọlọ́mọ kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé ẹ̀rí tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ìwé tí ẹ tẹ̀ fúnra yín dára fún ìwúrí, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ èyí tí ó mọ̀. Ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú igi tí àjọ International Society of Arboriculture ń fúnni, bí àpẹẹrẹ, sábà máa ń nílò ìrírí ọdún 3 tàbí ẹ̀kọ́ gíga nínú iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ má ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀; ẹ fi hàn án gẹ́gẹ́ bí ibi tó lè dé bó bá tẹ̀ síwájú. Èyí tó lè rí gbà láàárín oṣù mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, àti ìwé àṣẹ fífọ́n oògùn apakòkòrò níbi tí òfin bá ti béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ rí i pé gbogbo wọn ti gba abẹ́rẹ́ ìdènà àrùn ipá, nítorí ìṣó àti ìgò tó wà nínú ilẹ̀ ìlú. Ẹ fi bí a ṣe ń gbé ẹrù láìba ẹ̀yìn jẹ́ hàn wọ́n, bí a ṣe ń duro lórí àkàbà, àti bí a ṣe ń pa ẹ̀rọ kí a tó fọwọ́ kan abẹ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí iṣẹ́, ẹ pè wọ́n lóṣù kìíní, lóṣù kẹta, lóṣù kẹfà àti nígbà tó bá pé ọdún kan. Ẹ kọ ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sì kọ ìdí tí àwọn tó kúrò fi kúrò. Bí mẹ́ta bá kúrò ní ilé iṣẹ́ kan náà fún ìdí kan náà, ẹ lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ìpele kejì bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ti ìpele kìíní tó ti ṣiṣẹ́ níta, kí ẹ san owó fún un, kí òun ni yóò fi han àwọn tuntun bí a ṣe ń ki òṣùwọ̀n ooru bọ inú òkìtì ajílẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ọ̀gá òun béèrè lọ́wọ́ òun ní ọjọ́ àkọ́kọ́.